Igi Tó Lo 8,000 Ọdún Lábẹ́ Ilẹ̀, àti Òpó Tí A Fẹ́ Fi Dáná

 

Lóṣù tó kọjá, ọ̀kan nínú wa fi fọ́tò òpó kan ránṣẹ́ sórí WhatsApp. Òpó àtijọ́ ni. Wọ́n gbẹ́ obìnrin sí i lára, ó kúnlẹ̀, ó pọn ọmọ sẹ́yìn. Wọ́n yọ ọ́ nígbà tí wọ́n ń wó ilé àtijọ́ kan kí wọ́n lè fi búlọ́ọ̀kù kọ́ tuntun síbẹ̀. Ó wà nílẹ̀ gbalaja nínú oòrùn, ikán ti jẹ ìdí rẹ̀. Ẹni tó fi fọ́tò náà ránṣẹ́ kàn béèrè pé, "Ẹ̀yin àgbà, kí ni kí wọ́n ṣe sí èyí?" Ẹnìkan ní kí wọ́n fi dáná. Ẹnìkan ní òun mọ ẹni tó lè rà á. Ẹlòmíràn ní, "Igi náà nù un, igi ò tán nínú igbó." A rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ sì yà sórí owó àjọ.

Ẹ̀rín yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Mo fẹ́ dá ẹni tó béèrè lóhùn, àmọ́ ìdáhùn mi gùn ju ohun tí mo lè tẹ̀ sórí fóònù lọ. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn, ní ìpínlẹ̀ Yobe, kí n tó padà wá sílé.

Ẹni tó ń gbẹ́ kànga ní Dufuna

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1987, darandaran Fúlàní kan ń gbẹ́ kànga nítòsí abúlé Dufuna, ní ìjọba ìbílẹ̀ Fune, ní apá ibi tó di ìpínlẹ̀ Yobe lónìí. Omi ló ń wá. Nígbà tó gbẹ́ ẹ dé nǹkan bí mítà mẹ́rin àti ààbọ̀, ìyẹn bí ẹsẹ̀ bàtà 15 sísàlẹ̀, ohun tó fi ń gbẹ́lẹ̀ ba nǹkan líle. Kì í ṣe òkúta. Igi ni.

Ẹ jẹ́ ká dúró níbẹ̀ díẹ̀. Ẹ fi ara yín sípò ọkùnrin yìí. Ó ti ṣe làálàá dé ìsàlẹ̀, omi ló kù tó ń retí. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ì bá ṣe ni kí a gbé àáké, kí a gé igi náà kúrò lọ́nà, kí iṣẹ́ máa lọ. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó dáwọ́ dúró, ó lọ sọ fún olórí abúlé. Orí ohun kan yẹn tó ṣe ni gbogbo ọ̀rọ̀ tó kù dúró lé.

Ìròyìn náà dé Yunifásítì Maiduguri. Àwọn onímọ̀ wá wo ibẹ̀, wọ́n mú díẹ̀ lára igi náà lọ fún àyẹ̀wò. Nígbà tó yá, àwọn ti Yunifásítì Frankfurt ní Jámánì dara pọ̀ mọ́ wọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Abubakar Garba láti Maiduguri àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Peter Breunig láti Frankfurt wà lára àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà. Ní 1994, àwọn awalẹ̀pìtàn, ìyẹn àwọn tó ń walẹ̀ kí wọ́n lè fi ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ pìtàn, ṣí ilẹ̀ náà pátápátá. Ó gba ọ̀sẹ̀ méjì àti nǹkan bí àádọ́ta òṣìṣẹ́.

Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n bá níbẹ̀. Odindi ọkọ̀, tí wọ́n fi igi kan ṣoṣo gbẹ́, kò sí ibi tí wọ́n ti so ó pọ̀. Ó gùn tó mítà 8.4, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́ méjì tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn. Ó fẹ̀ tó ìdajì mítà. Ara rẹ̀ kò nípọn ju nǹkan bí íǹṣì méjì lọ. Iwájú rẹ̀ ṣonṣo, ẹ̀yìn rẹ̀ náà ṣonṣo.

Ọdún mélòó ló ti wà níbẹ̀? Bí wọ́n ṣe ń mọ̀ ọ́n nìyí. Gbogbo ohun tó ní ẹ̀mí, ìbáà ṣe igi, ìbáà ṣe ẹranko, ló ń gba irú kábọ̀nù kan sára nígbà tó wà láàyè. Ọjọ́ tó bá kú ni gbígbà yẹn dúró, èyí tó wà lára rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Dídínkù náà kì í yára, kì í sì í falẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ: ní nǹkan bí 5,730 ọdún, á ku ìdajì. Ẹni tó bá wọn iye tó ṣẹ́kù lè ṣírò ọjọ́ orí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe é fún ọkọ̀ Dufuna, ó tó nǹkan bí 8,000 ọdún.

8,000 ọdún! Nígbà tí wọ́n ń kọ́ àwọn pírámíìdì ńlá Gíísà ní Íjíbítì, ọkọ̀ yìí ti wà lábẹ́ ilẹ̀ fún ohun tó lé ní 3,000 ọdún. Ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà, wọn ò tíì rí ọkọ̀ tó dàgbà tó o. Ní gbogbo ayé pàápàá, àwọn tó bá a dọ́gba tàbí tó jù ú lọ ò pọ̀. Ọ̀kan ni èyí tí wọ́n rí ní Pesse, ní orílẹ̀-èdè Netherlands, nígbà tí wọ́n ń la ọ̀nà mọ́tò ní 1955. Ìyẹn tó nǹkan bí 10,000 ọdún, ṣùgbọ́n kò gùn ju mítà mẹ́ta lọ.

Ẹ tún rò ó wò. Irin ò tíì sí nígbà náà. Òkúta tí wọ́n pọ́n ni àáké wọn. Ẹni tó bá ti jókòó ti gbẹ́nàgbẹ́nà rí mọ̀ pé ibi tó le jù ni kí ara igi fúyẹ́ láìlu. Bí o bá fi nǹkan púpọ̀ sílẹ̀, ọkọ̀ á wúwo jù. Bí o bá gbẹ́ ẹ jù, omi á wọlé. Ẹni tó gbẹ́ èyí mọ ìwọ̀n. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ nínú ayé kọ́ nìyẹn. Ẹnìkan ló kọ́ ọ, ẹlòmíràn ló sì ti kọ́ ẹni tó kọ́ ọ.

Ilẹ̀ Yobe tí a mọ̀ sí ilẹ̀ gbígbẹ lónìí, omi ló pọ̀ níbẹ̀ láyé ìgbà yẹn. Adágún Chad tóbi ju báyìí lọ fíìfíì, koríko sì wà níbi tó ti di aṣálẹ̀. Bí kì í bá ṣe ti igi yẹn, àwọn tí kì í ṣe onímọ̀ bíi tèmi àti tìrẹ ò ní gbà pé àwọn èèyàn ń fi ọkọ̀ rìn ní àdúgbò Dufuna rí.

Kí ló dé tí kò jẹrà?

Gbogbo wa la mọ̀ pé igi kì í pẹ́ ní ilẹ̀ wa. Ikán ń bẹ, èbu ń bẹ, olú ń hù lára rẹ̀, iná ń jó o. Báwo ni igi ṣe wá lo 8,000 ọdún?

Ẹ wo òpó ọgbà tí bàbá yín rì mọ́lẹ̀. Orí rẹ̀ tó wà lókè kì í tètè jẹrà. Ibi tó ti kan ilẹ̀ gan-an ló ti ń jẹrà, nítorí ibẹ̀ ni òjò ti ń rin ín, tí oòrùn tún ń gbẹ ẹ́, tí atẹ́gùn sì ń fẹ́ sí i. Ohun tó ń pa igi ni kó rin lónìí kó gbẹ lọ́la.

Ọkọ̀ Dufuna wà lábẹ́ amọ̀ àti iyanrìn, omi inú ilẹ̀ sì yí i ká nígbà gbogbo. Atẹ́gùn ò ráyè dé ibẹ̀. Ikán ò lè mí nínú omi. Àwọn kòkòrò tí ojú ò lè rí, tó máa ń jẹ igi, pọ̀ jù nínú wọn ló nílò atẹ́gùn. Omi ló di ẹ̀ṣọ́ rẹ̀.

Èyí ló jẹ́ kí n ronú nípa ilẹ̀ Yorùbá. Ní 1965, Ọ̀jọ̀gbọ́n Thurstan Shaw àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ walẹ̀ nínú ihò àpáta kan tí wọ́n ń pè ní Ihò Eléérú, nítòsí Ìsàrùn ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Wọ́n bá egungun èèyàn níbẹ̀ tó ti lé ní 11,000 ọdún, wọ́n sì bá ọ̀pọ̀ ohun èlò tí wọ́n fi òkúta ṣe. Èèyàn ti wà nílẹ̀ yìí tipẹ́tipẹ́ nìyẹn. Ṣé ẹ rò pé àwọn wọ̀nyẹn ò gbẹ́ igi? Ọ̀pá, igbá, odó, bóyá ère pàápàá? Òkúta ló kù, igi ti lọ. Ilé-Ifẹ̀ náà nìyẹn: idẹ kù, amọ̀ tí wọ́n sun kù, òkúta kù. Ohun tí wọ́n fi igi ṣe láyé ìgbà yẹn ti bá ikán lọ. Nítorí náà, òpó tó ti lo 80 tàbí 100 ọdún ní ilẹ̀ wa kì í ṣe ohun kékeré. Ó ti la ogun kan já.

Ọjọ́ tí a bá rí i ni ewu bẹ̀rẹ̀

Ẹ lè rò pé tí a bá ti wú igi jáde, a ti gbà á là. Rárá o. Igi tó ti pẹ́ nínú omi, inú rẹ̀ ti yọ́ lọ díẹ̀díẹ̀. Omi tó gba ipò ohun tó yọ́ ló gbé ara igi náà dúró. Lójú, ó dà bí odidi. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá gbé e sínú oòrùn, omi á jáde, ara igi á wọnú ara wọn. Ẹ rántí ilá tí ìyá yín ń sá sórí páànù: bó ṣe ń rún, tó ń ká, tó ń kéré. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Ohun tí ilẹ̀ pa mọ́ fún 8,000 ọdún lè bàjẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe kì í jẹ́ kó gbẹ. Inú omi ni wọ́n máa ń gbé e sí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n á máa fi ohun kan tó dà bí ìda rọ́pò omi inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Polyethylene glycol lorúkọ rẹ̀, PEG ni wọ́n ń pè é ní kúkúrú, ó máa ń yòrò nínú omi. Bí omi ṣe ń jáde ni ìda yìí ń wọlé, tí igi náà ò fi ní rún. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá gbẹ ẹ́ pẹ̀lú sùúrù. Iṣẹ́ ọdún pípẹ́ ni. Nígbà tí wọ́n gbé ọkọ̀ ogun Vasa jáde lábẹ́ omi ní Sweden ní 1961, 17 ọdún ni wọ́n fi ń wọ́n PEG sí i lára.

Ọkọ̀ Dufuna wà ní Damaturu, olú ìlú Yobe. Ó dùn mọ́ mi pé kò kúrò ní ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti rí i.

Ohun tí ilẹ̀ kò sọnù, èèyàn sọ ọ́ nù

Ìtàn kejì tí mo fẹ́ sọ, ní Rọ́ṣíà ni. Ní 1890, àwọn awakùsà góòlù bá ère igi kan nínú àbàtà Shigir, lágbègbè àwọn òkè Ural. Ó wà ní bí mítà mẹ́rin sísàlẹ̀, ó ti kán sí wẹ́wẹ́. Wọ́n gbẹ́ ojú èèyàn sí i lára láti òkè délẹ̀, wọ́n sì fín ilà oríṣiríṣi sí i. Wọ́n kó o lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní ìlú Yekaterinburg. Ẹni tó kọ́kọ́ tò ó pọ̀ mú un dé gíga mítà 2.8, ọ̀pọ̀ ègé sì ṣẹ́kù tí kò lò.

Ní 1914, awalẹ̀pìtàn kan tó ń jẹ́ Vladimir Tolmachev tún un wò. Ó rí i pé àwọn ègé tó ṣẹ́kù náà wà lára ère ọ̀hún, ó sì fi yé wọn pé gíga rẹ̀ tó mítà 5.3. Ó fara balẹ̀ ya àwòrán gbogbo rẹ̀ sórí ìwé. Lẹ́yìn ìyẹn ni ogun àti rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Rọ́ṣíà. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà méjì lára ère náà tó ti sọnù. Wọn ò rí i títí di òní. Àwòrán tí Tolmachev yà nìkan ló kù tí a fi mọ bí apá yẹn ṣe rí.

Ìwádìí tó jáde ní 2018 fi hàn pé ère Shigir lé ní 11,000 ọdún. Nínú gbogbo ère igi tí ayé mọ̀, kò sí èyí tó dàgbà tó o. Ẹ wá wò ó: àbàtà tọ́jú rẹ̀ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, àwọn èèyàn sì sọ apá kan nù kó tó pé 100 ọdún lọ́wọ́ wọn. Bí kì í bá ṣe ti ẹnìkan tó mú ìwé àti pẹ́ńsù, à bá má mọ̀ pé apá yẹn wà rí.

Ẹ jẹ́ ká bọ̀ sílé báyìí. Gbogbo wa la mọ Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì, gbẹ́nàgbẹ́nà tó gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley, ní Lọ́ńdọ̀nù, ní 1924. Kò padà wálé. Àwọn British Museum fẹ́ ẹ, Ògògà sì gbà kí wọ́n fi ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní ìlú òyìnbó ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Mi ò bú Kábíyèsí o. Ọlọ́wẹ̀ wà láàyè nígbà yẹn, ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, wọ́n lè ní kó gbẹ́ òmíràn. Wọ́n sì tọ́jú ilẹ̀kùn náà dáadáa lọ́hùn-ún, ká sọ òótọ́. Ṣùgbọ́n Ọlọ́wẹ̀ kú ní 1938. Lónìí, ọmọ Ìkẹ́rẹ́ tó bá fẹ́ rí ilẹ̀kùn ààfin bàbá rẹ̀ á kọ́kọ́ gba físà. Ẹni tó gbẹ́ òpó tiwa náà ti kú, a ò sì mọ orúkọ rẹ̀. Ta la fẹ́ ní kó gbẹ́ òmíràn?

Kí ni ká ṣe?

Mo mọ̀ pé ẹ ó ní ìtàn pọ̀, ọ̀rọ̀ ilé wa ńkọ́? Òun nìyí. Ìlú wa ń gbẹ́lẹ̀ lójoojúmọ́ báyìí. Borehole ni o, ìpìlẹ̀ ilé ni o, soakaway ni o, adágún ẹja ni o. Àwọn tó wà lẹ́bàá odò àti àkùrọ̀ ló ṣeé ṣe jù kí wọ́n bá igi àtijọ́ pàdé, nítorí ibẹ̀ ni omi kì í ti gbẹ. Àwọn tó ń wó ilé àtijọ́ ló sì ń yọ òpó àti ilẹ̀kùn. Ọ̀nà méjèèjì yàtọ̀ síra, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má pa wọ́n pọ̀.

Àkọ́kọ́, igi tí ẹ bá bá nínú ẹrẹ̀ tàbí omi, ẹ má jẹ́ kó gbẹ. Ẹ dáwọ́ iṣẹ́ dúró níbẹ̀. Ẹ má fà á, ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́. Ẹ fi ẹrẹ̀ rẹ̀ bò ó padà, tàbí kí ẹ fi àpò tó rin àti ọ̀rá bò ó.

Èkejì, igi tó ti wà ní gbígbẹ látọjọ́ yìí, irú òpó yẹn, ẹ má jẹ́ kó rí omi. Ẹ gbé e kúrò nílẹ̀, ẹ fi bíríkì tàbí irin tì í nísàlẹ̀ kí ikán má bàa gun un, ẹ fi sábẹ́ òrùlé níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, tí oòrùn kì í dé. Ẹ má kun ún ní pẹ́ńtì, ẹ má da ọ́ìlì dúdú sí i.

Ẹ̀kẹta, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ yíká, iwájú, ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́. Ẹ fi téèpù wọ̀n ọ́n. Ẹ kọ ilé tó ti wá sílẹ̀, ẹ bi àgbà ilé náà léèrè orúkọ ẹni tó gbẹ́ ẹ. Bí Tolmachev ṣe fi pẹ́ńsù ṣe é ní 1914, fóònù ọwọ́ wa lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀kẹrin, ẹ sọ fún Kábíyèsí tàbí báálẹ̀, bí darandaran yẹn ṣe ṣe, kí wọ́n sì fi tó àjọ National Commission for Museums and Monuments létí. Òfin Nàìjíríà ò fàyè gba pé kí ẹnikẹ́ni kó irú nǹkan wọ̀nyí jáde nílẹ̀ yìí láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àjọ náà. Ẹni tó "mọ ẹni tó lè rà á", kó rọra o.

Mo ti pe ẹ̀gbọ́n tó ni ilé tí wọ́n wó yẹn. Òpó náà ṣì wà. Wọ́n ti gbé e sí abẹ́ ìloro ilé ẹ̀yìn, lórí bíríkì mẹ́rin. Ẹ̀gbọ́n ní ìyá àwọn àgbà máa ń fẹ̀yìn tì í bó bá ń ṣa ẹ̀gúsí, nígbà tí àwọn wà ní kékeré, pé ìdí nìyẹn tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan fi ń dán. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ wà lára igi yẹn tí fọ́tò ò sọ?

Ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè wa ni pé, ní ìpàdé gbogbogbò tó ń bọ̀, kí a fi ọ̀rọ̀ yìí sí ara ohun tí a máa jíròrò: yàrá kan ní gbọ̀ngàn ìlú tí òjò ò ń jò sí, àti ìwé ńlá kan tí a ó máa kọ ohun àtijọ́ ilé kọ̀ọ̀kan sí. Kí yàrá náà tó wà, ẹ jẹ́ kí agbo ilé kọ̀ọ̀kan ya fọ́tò tirẹ̀. Ẹni tó bá ní òpó, ilẹ̀kùn, odó tàbí ọpọ́n àtijọ́ nílé, kó fi ránṣẹ́ sí akọ̀wé, pẹ̀lú orúkọ agbo ilé.